Ìgò Méjìlá, Ẹran Kan

Àwọn tó wà nínú yàrá ìpàdé lọ́jọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé àhesọ ni: ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso igbó ìjọba, ọkùnrin oníkùn ńlá tí kì í bọ́ kóòtù, ọlọ́pàá kan tó ń fi ìdérí bírò ro etí, obìnrin oníṣẹ́ àyẹ̀wò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń pè ní Ìyá Onígò, àbúrò mi obìnrin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Wẹ́dà, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà obìnrin, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, èmi tí mò ń kọ èyí, àti ọkọ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Mo-ti-mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wí. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá" là ń pè é, nítorí kì í jẹ́ orúkọ mìíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa, irú rẹ̀ kò ní ṣàìsí ní àdúgbò yín. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á ní, "Mo ti mọ̀." Bí o bá ní ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí, "Mo ti mọ̀." Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé òun lóyún, ohun tó sọ náà nìyẹn, kò sì gbójú kúrò lára bàtà tó ń nù.

Igbó tó ń ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀. Ojú nìkan ni àlejò fi ń wo ẹran. Èyí tí wọ́n sì ń torí rẹ̀ wá jù ni akọ àgbọ̀nrín kan tí etí rẹ̀ kan ya, tí ìwo rẹ̀ gùn, tó máa ń rìn bí ẹni tó ń lọ gba owó ilé. Baálé ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pè é. Wọ́n gbé iyọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹran lẹ́yìn ọ́fíìsì, Baálé ló sì sábà máa ń wá lá a. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yàrá ìpàdé, ó tóbi ju ti ọ̀gá àgbà lọ.

Kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ ni Ìyá Onígò ti kọ́kọ́ wá síbẹ̀. Ó gbé páálí ìgò kéékèèké sílẹ̀, ó kó àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ, ó ní:

"Ẹ bá mi rìn káàkiri igbó yìí. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìgbẹ́ àgbọ̀nrín, ẹ fi igi ṣa díẹ̀ sínú ìgò. Ìgò kan fún ojú kan. Gbogbo ẹran ló ní àmì tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀, ó máa ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ti ẹran kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí a ṣe máa mọ iye tí wọ́n jẹ́ nìyẹn, láìdé wọn lókùn."

"Mo ti mọ̀," ni Mo-ti-mọ̀ wí. "DNA ni. Èyí tí wọ́n fi ń wá bàbá ọmọ. Àgbọ̀nrín wo wá ló sá fún oyún báyìí?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín fún ọ̀gá rẹ̀?

Ìyá Onígò náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Sà, ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àgbọ̀nrín ni nìkan ló ń sọ. Ó ń sọ èyí tó jẹ́ nínú wọn."

"Mo ti mọ̀, madam. Ẹ máa lọ."

Ṣé Mo-ti-mọ̀ rìn ká igbó? Ìrì á ba bàtà jẹ́. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló lọ, níbi iyọ̀, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ kan. Ó bá òkìtì ìgbẹ́ Baálé níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á sínú ìgò méjìlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ibi méjìlá sí wọn lára: etí odò, orí àpáta, ìsàlẹ̀ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí tíì tó tutù, iṣẹ́ ti parí.

Nígbà tó yá, obìnrin náà pè é lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò méjìlá tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹran kan ló ni gbogbo rẹ̀. Akọ kan ṣoṣo."

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, sà. A ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ tún un ṣe." Ó pa fóònù.

Ó tó kí ẹlòmíràn kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ tú àṣírí rẹ̀ yẹ kó fara balẹ̀ pẹ̀lú ẹran. Ṣùgbọ́n ohun tí Mo-ti-mọ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni pé, "Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló lọ ṣòfófó. Ìgbẹ́ wo ló ń sọ̀rọ̀?" Ó sì lé ẹ̀ṣọ́ kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ sí géètì ìkẹyìn, níbi tí kò sí ju ẹ̀fọn lọ. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ sí i ni ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ṣófo. Mo-ti-mọ̀ ń wo àga yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí àjà. Ó pe ọ̀gá àgbà wá jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

"Kí ni ká sè dè yín, sà?"

Ọ̀gá àgbà na ẹsẹ̀. "Ohunkóhun. Àmọ́ ó pẹ́ tí mo ti fẹnu kan ẹran ìgbẹ́ tútù. Gbogbo èyí tí mò ń rí ló gbẹ bí bàtà."

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mo ti mọ ibi tó wà."

Irọ́ ni. Kò mọ ibì kankan. Àsìkò tí ẹran ń bímọ ni, ìjọba ti ní kí àwọn ọdẹ tó níwèé gbé ìbọn wọn kọ́, kódà nínú igbó tó wà lóde ààlà. Ẹran gbígbẹ ló kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, irú èyí tí àbúrò ìyàwó rẹ̀, Wẹ́dà, rà kí wọ́n tó fòfin de ọdẹ ṣíṣe, tó kó sínú agbọ̀n ní kíṣìnnì.

"Kí ló burú nínú adìyẹ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Adìyẹ! Ṣé adìyẹ ni wọ́n fi ń di igbákejì?"

"Ṣé ikùn ni wọ́n fi ń yan igbákejì ni?"

Ó fa bàtà rẹ̀ jáde, ó ń nù ún.

Lọ́sàn-án Sátidé, Wẹ́dà ti tún géètì ọ́fíìsì ṣe tán, ó ti lọ; òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Mo-ti-mọ̀ rán àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí géètì ìkẹyìn, ó ní kí wọ́n lọ tún okùn ààlà so. Ó jókòó sí fèrèsé ẹ̀yìn ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbọn ìjọba. Baálé jáde wá láti inú igbó, ó ń rọra rìn bọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó gbórí sókè, ó rí aṣọ ẹ̀ṣọ́, ó mọ̀ ọ́n. Ó tẹ orí padà sórí iyọ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Mo-ti-mọ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó rántí àga. Ó tún gbé e. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó kúkú ti dàgbà. Bí mi ò bá pa á, ikú á pa á."

Gbogbo wa ni ikú máa pa. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n torí ìyẹn yìnbọn fún nídìí oúnjẹ.

Ó yìn ín. Ẹran náà sáré dé etí odò kó tó ṣubú. Ibẹ̀ ni Mo-ti-mọ̀ ti kun ún, ó bo ìfun rẹ̀ mọ́ ewé, ó ju orí rẹ̀ sínú ibú tòun tìwo, ó di ìyókù sínú àpò. Ó ń pe ara rẹ̀ lọ́dẹ. Ọdẹ wo ló ń jókòó sórí àga yìnbọn fún ẹran tó wá kí i?

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá àgbà jẹ títí tó fi tú bọ́tìnnì kóòtù.

"Níbo lẹ ti rí irú èyí?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á, sà. Lóde ààlà. Ìbọn kan péré!"

Ọ̀gá àgbà yìí kan náà ló fọwọ́ sí ìwé tó fòfin de ọdẹ ṣíṣe lóde ààlà. Kò béèrè nǹkan kan. Ẹnu tó kún kì í ṣe ìwádìí.

Níwọ̀n bí Mo-ti-mọ̀ kò ti lè ṣe ohun rere kí ayé má rí i, ó tún gbé apá kan lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ gba. Àgbọ̀nrín tútù ni. Ọwọ́ ọdẹ kan ni mo ti rà á."

Àbúrò mi kí i, ó dúpẹ́. Bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe jáde, ó ti ẹran náà sí ìsàlẹ̀ fíríísà, lábẹ́ yìnyín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ mí. Ẹran tí mi ò mọ ibi tó ti wá, ọ̀fun mi kì í gbà á."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn àlejò dé tí wọ́n ní Baálé làwọn wá wò. Wọ́n wá a títí. Ẹ̀ṣọ́ kan tẹ̀ lé òórùn dé etí odò, ó bá ìfun àti ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ òkúta. Ọ̀gá àgbà gbá tábìlì.

"Ta ló pa Baálé? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu Mo-ti-mọ̀ yára ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. "Sà, mo ti mọ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́. Ó wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

"Jórinjórin kan wá tún géètì wa ṣe lọ́jọ́ Sátidé kan. Àgbọ̀nrín wà ní kíṣìnnì rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí, sà. Àbúrò ìyàwó mi ni."

Ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní irú olóòótọ́ báyìí ló yẹ nípò igbákejì.

Ìdí iṣẹ́ ni ọlọ́pàá ti mú Wẹ́dà, tòun ti awò dúdú tó fi ń jórin lójú. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ kí òun bá wọn tún mọ́tò ṣe. Wọ́n da agbọ̀n kíṣìnnì rẹ̀, wọ́n bá ẹran gbígbẹ. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Nígbà tí a rí i gbà sílẹ̀, ọlọ́pàá sọ ọ́ fún wa gbangba: bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, ọ̀pọ̀ ọdún.

Àbúrò mi lọ bá ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ìwọ ni olórí níbẹ̀. Bá wọn sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé ọmọ yìí kò lè pa eṣinṣin."

"Màmá, òfin kò mọ àna."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ àna?"

Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó wọlé lọ mu omi. Kò jáde títí àbúrò mi fi lọ.

Ìyàwó rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ṣé ẹ̀yin lẹ dárúkọ rẹ̀?"

"Mo ṣe iṣẹ́ mi."

"Mi ò bi yín ní ti iṣẹ́."

Ọlọ́pàá ní kí Ìyá Onígò wá bá wọn fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ gbọ́, ṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Á wo ìfun, á ní àgbọ̀nrín ni. Á wo ẹran kíṣìnnì, á ní àgbọ̀nrín ni. Kí ló tún kù? Àgbọ̀nrín ni àgbọ̀nrín ń jẹ́."

Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìgò méjìlá, ẹran kan! Ó ti gbàgbé. Àbí kó jẹ́ pé kò gbọ́ ọ nígbà náà rárá, torí etí ẹni tó ti mọ̀ kì í ṣí.

Ìyá Onígò wá sílé àbúrò mi, nítorí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni Wẹ́dà ń gbé. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gé díẹ̀ lára ẹran agbọ̀n tí ọlọ́pàá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ó fẹ́ dìde ni àbúrò mi ní:

"Madam, ẹ dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀. Àgbọ̀nrín mìíràn wà ní fíríísà mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a fi nǹkan pamọ́ nínú ilé yìí."

"Ta ló ni ìyẹn, Màmá?"

"Ọkọ ọmọ mi ló gbé e wá. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀."

Ìyá Onígò wò ó díẹ̀, ó mú ìgò mìíràn jáde. Àbúrò mi kò ní èrò kankan lọ́kàn. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n bá ìdọ̀tí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn òun ni.

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ ló gbé ìròyìn délé. "Màmá ti fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Títí kan apá tí ẹ gbé lọ."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Apá wo?"

"Apá wo lẹ gbé lọ?"

Mo-ti-mọ̀ ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ Ìyá Onígò láago. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Madam mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Èyí tí ẹ mú ní fíríísà yẹn, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Màlúù ni. Màmá ti dàgbà, wọn ò mọ ẹran mọ́."

"Màlúù ni, sà?"

"Màlúù ni."

"Kò burú. A ò ní pẹ́ mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, oorun kò kùn ún mọ́. Bí fóònù bá dún, á fò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀: ṣé yìnyín máa ń pa àmì ara ẹran? Ṣé ẹ̀rọ máa ń ṣàṣìṣe? Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Bí gbogbo wa ṣe dé yàrá ìpàdé nìyẹn. Fáànù ń ké lórí wa. Wẹ́dà wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ọmọ ilé ìwé. Mo-ti-mọ̀ jókòó sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, abẹ́ àwòrán Baálé gan-an. Kì í ṣe èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Ìyá Onígò kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ẹran tó wà ní kíṣìnnì Wẹ́dà, abo ni. Ẹran tí wọ́n pa létí odò, akọ ni. Èyí tí ẹ bá lọ́wọ́ Wẹ́dà kò ti ara rẹ̀ wá."

Àbúrò mi dì mí lọ́wọ́ mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Èyí tó wà ní fíríísà Màmá," ó wo Mo-ti-mọ̀, "kì í ṣe màlúù. Òun àti ìfun etí odò, àmì kan náà ni. Kì í ṣe pé wọ́n jọra o. Ẹran kan náà ni, wọ́n gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

Mo-ti-mọ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣe mí láàánú," ó ní. "Ọdẹ kan ló tà á fún mi. Olè ni ọdẹ náà nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ bi? Mo kàn ra ẹran ni."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí i lójijì. "Ṣé ẹran tí a jẹ nílé rẹ lọ́jọ́ Àìkú yẹn nìyí? O ní ọwọ́ ara rẹ lo fi pa á! O ní ìbọn kan péré!"

Ọlọ́pàá yọ ìdérí bírò létí. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

Ọ̀gá àgbà di ẹnu mú. Ó gbójú sókè wo àwòrán ara ògiri, etí tó ya, ìwo tó gùn, ó sì tún gbójú wálẹ̀ wo ikùn rẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ dìde. "Ta ló ní Baálé ni? Igbó kún fún akọ! Báwo lobìnrin yìí ṣe mọ̀ pé Baálé ni? Ṣé Baálé wá bá a nílé àyẹ̀wò ni?"

"Rárá, sà," ni Ìyá Onígò wí. "Ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìgò méjìlá. Mo padà wá fúnra mi, mo mú irun tó lẹ̀ mọ́ igi níbi iyọ̀ lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ yín, ní ìṣẹ́jú tí Baálé kúrò níbẹ̀, kí n lè mọ ẹran tí ẹ ń fi ṣeré. Àmì kan náà ni. Nínú gbogbo igbó yín, ẹran mìíràn wà tí mo mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òmíràn wà tí n kò mọ̀ rárá. Èyí tí mo mọ̀ jù láyé ni èyí tí ẹ pa."

Mo-ti-mọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rántí: tíì, òkìtì, bàtà tí kò fẹ́ kó dọ̀tí. Ó ṣí ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó mọ̀.

Àbúrò mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹran tí o gbé fún mi lo fi pe ọmọ mi lólè."

Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ gbé àga tirẹ̀. Ó bọ́ sí apá ibi tí àbúrò rẹ̀ wà, ó jókòó tì í. Wẹ́dà ló dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ fà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ kú mímọ̀ o."

Ẹ̀rín pa ọlọ́pàá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án.

Wọ́n lé Mo-ti-mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lọ ṣẹ̀wọ̀n tó fẹ́ gbé fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà lọ sílé, kó lọ máa tọ́jú ikùn. Mo-ti-mọ̀ ti jáde lẹ́wọ̀n o. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú rédíò. Ìyàwó rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Wẹ́dà kò gba ẹ̀bẹ̀ kankan, nítorí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Mo gba iwájú ilé náà kọjá lọ́jọ́ kan, mo ní kó rọra, ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kan ti fẹ́ kán.

"Mo ti mọ̀, Ìyá Àgbà."

Mo bá tèmi lọ. Mo gbọ́ ìró àga tó kán kí n tó dé orígun.

Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ rẹ̀ ni ọ́, mi ò sì kọ èyí láti fi bú ọ. Ìyá rẹ ní wọ́n ti gbà ọ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ nínú igbó yẹn, ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìgò lé ọ lọ́wọ́, bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, bó o tilẹ̀ rò pé o mọ̀ ọ́n. Ìgò kan, ojú kan. Wọ bàtà tó lè dọ̀tí, kí o sì rìn débẹ̀.